Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ Lọ́dọ̀ Ẹni Tí A Kò Kà Sí

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Síbẹ̀, bí a bá ń wá ẹni tí yóò kọ́ wa ní ìgbàgbọ́, ibi tí ohùn bá ti ròkè jù la máa ń kọrí sí. Mi ò sọ pé kò sí ìgbàgbọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀sìn sọ di olókìkí, tó ń jẹ, tó ń mu nídìí rẹ̀, ta ló lè mọ èyí tó ń ṣe nítorí Ọlọ́run àti èyí tó ń ṣe nítorí èrè? Ara ẹni tí kò ní èrè kankan láti jẹ ni ìgbàgbọ́ ti ń hàn kedere.

Ẹ wo ọmọdébìnrin tí àwọn ará Síríà kó lẹ́rú ní Ísírẹ́lì, tó ń sin ìyàwó Náámánì, ọ̀gágun Síríà, nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 5. Bíbélì ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ dẹ́tẹ̀. Ẹrú mìíràn ì bá ní Ọlọ́run ló mú un. Òun kẹ́dùn pé ọ̀gá òun ò sí lọ́dọ̀ wòlíì tó wà ní Samáríà, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ìtàn náà. Nígbà tí ìwé tí ọba Síríà fi ní kí wọ́n wo Náámánì sàn dé ọ̀dọ̀ ọba Ísírẹ́lì, ńṣe ló fa aṣọ ya, ó rò pé wọ́n ń wá òun níjà. Ọba tí wòlíì ń gbé nílẹ̀ rẹ̀ ò rántí wòlíì. Ọmọ tó wà nígbèkùn rántí. Nígbà tí wòlíì náà, Èlíṣà, sì ní kí Náámánì lọ wẹ̀ nínú Jọ́dánì lẹ́ẹ̀méje, tó fi ìbínú yí padà, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló rọ̀ ọ́ tó fi lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gágun yìí gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sìn ín.

Àwa náà ní irú wọn. Awakọ̀ ẹ̀rọ tó ń tẹ títì ni wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá nígbà tó gba ìpè Ọlọ́run ní 1928, àmọ́ ìgbà tí èrò ya bo ìsọjí rẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà ní 1930 ni ọ̀pọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á sí.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé gbogbo ẹni tó bá ti dákẹ́ ló nígbàgbọ́ ni? Rárá o. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. A ní láti fara balẹ̀ wo ohun tó ń ṣe nígbà tí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, àti nígbà tí kò sí ẹni tí yóò yìn ín. Bí wọ́n bá sì ní aláìmọ̀wé lè ṣi ni lọ́nà, ẹ rántí pé ọmọdébìnrin ilé Náámánì yẹn ò sọ ara rẹ̀ di wòlíì. Ọ̀dọ̀ wòlíì ló júwe.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti ẹni tó ní irú ọ̀rọ̀ yìí ń bu ẹwà sára ìyà, tí olówó á máa yin sùúrù ẹni tó ń jìyà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni ìtàn Bìlálì, ẹrú tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ti wúlò. Umayya, ọ̀gá rẹ̀ ní Mẹ́kà, tẹ́ ẹ sórí iyanrìn gbígbóná, ó gbé òkúta lé e láyà kó lè fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà ni Bìlálì ń tẹnu mọ́. Abu Bakr, ọ̀rẹ́ Ànábì Mùhámmádù, ò dúró wo ìyà náà kó lè rí ẹ̀kọ́ kọ́: ó rà á, ó sì dá a sílẹ̀. Ànábì fi í ṣe ladáànì, nígbà tí wọ́n sì gba Mẹ́kà ní 630, òun ni Ànábì ní kó gun Káábà lọ pe ìrun. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ìgbàgbọ́ lára ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí lára ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kó kọ́kọ́ wádìí bóyá owó oṣù onítọ̀hún pé, bóyá ó sì ń rí ààyè sinmi, kó tó fi sùúrù rẹ̀ ṣe ìwàásù.