TẸ́TẸ́: OLÈ TÍ A FI ỌWỌ́ ARA WA ṢÍLẸ̀KÙN FÚN

Ẹ̀kọ́ kíkà: Òwe 13:11, Mátíù 27:35-36

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Mẹ́talọ́kan tí kò jẹ́ kí fìtílà wa kú ní Ṣáṣá. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jó tí a ń yọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá lọ́kàn, a kò sì gbọdọ̀ fi ìlù àyájọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Tẹ́tẹ́ ti wọ ilé wa. Láyé àwọn bàbá wa, póòlù ni. Lẹ́yìn náà ni lọ́tò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Ìjẹ̀bú. Lónìí, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wà nínú fóònù. Ọmọ ń ta á lórí ẹní, ìyá rẹ̀ rò pé ìwé ló ń kà.

Arákùnrin kan wá bá wa lóru, ẹkún ló ń sun. Agbọ̀n tòmátì ló ń rù lọ́jà Ṣáṣá. Igba náírà ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ. Nígbà tó yá, ó pàdánù, ó ní òun fẹ́ gba owó òun padà. Ẹ gbọ́ o: "mo fẹ́ gba owó mi padà" yìí gan-an ni okùn tí Èṣù fi ń so onítẹ́tẹ́ mọ́lẹ̀! Ó ta owó ilé-ìwé ọmọ. Ó ta owó àjọ tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi ra ata. Ó yáwó lọ́rùn àìsàn ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara ìyá le koko lábúlé. Ìyàwó kò bú u. Ó kàn ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, èwo ni kí n gbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín báyìí?" Ẹ̀yin ará, owó ṣeé wá, níbo ni wọ́n ti ń ra ìgbẹ́kẹ̀lé?

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Láàárín nọ́mbà 1 sí 90, méjì-méjì tó lè jáde pọ̀ jẹ́ 4,005. Márùn-ún tí wọ́n ń fà kò ní ju méjì-méjì 10 lọ. Bí 400 ènìyàn bá fi ₦100 ta méjì, ₦40,000 nìyẹn. Bóyá ẹnì kan ló máa jẹ, ìlọ́po 240 ni wọ́n sì ń san: ₦24,000. Ta ló kó ìyókù? A ń gbọ́ ìró ẹni tó jẹ. Àwọn 399 tó kù ń dákẹ́ lọ sílé.

Àwọn kan ní ìjọba fọwọ́ sí i. Ní 22 oṣù kọkànlá 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọ́gi lé òfin lọ́tò ti 2005, ó ní ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Yálà Àbújá ló ń fún wọn ní ìwé-àṣẹ o, tàbí Ìbàdàn, ìwé-àṣẹ kò bọ́ ọmọ. Àwọn mìíràn ní àwọn àpọ́sítélì ṣẹ́ kèké láti yan Mátíásì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló fi owó ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀? Kèké tó jọ tiwa ni ti àwọn ọmọ-ogun lábẹ́ àgbélébùú: Olùgbàlà ń kú lórí wọn, aṣọ ni wọ́n ń wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wọ aṣọ funfun pàápàá. Ẹni tó ń bèèrè nọ́mbà lọ́wọ́ aríran, àti aríran tó ń fún un, ẹ̀mí wo ló ń darí wọn? Orí òkè àdúrà kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́.

Lẹ́yìn wàhálà oṣù kejì 2021, tẹ́tẹ́ kọ́ ló gbé ọjà Ṣáṣá dìde. Òwò díẹ̀díẹ̀ ni. Nítorí náà, ìwọ tí ó ti wọ̀ ọ́ lára, jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ lónìí. Fi owó sí ìkáwọ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Yọ tẹ́tẹ́ kúrò nínú fóònù. Bí ó bá tún mú ọ, padà wá, ojú kì yóò tì ọ́ níbí. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má ṣe kó owó gbèsè lé e lọ́wọ́. Ẹ fúnra yín san án fún ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin alàgbà, ẹ bo àṣírí ẹni tó jẹ́wọ́.

Arákùnrin wa ṣì ń rù tòmátì. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gba owó náà báyìí. Kò tíì gbàgbé, ṣùgbọ́n ó ti ń bá a wá sí ìsìn.

Olúwa Ọlọ́run àwọn ọmọ-ogun, já ìdè yìí, kí o sì dá àlàáfíà padà sí ilé wa. Àmín. Halelúyà!