Orí Àjàlá àti Àròkọ Àkọ́sórí: Ẹ̀kọ́ Ifá fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Múra Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì

Àròkọ wà lára ohun tó máa ń ba akẹ́kọ̀ọ́ girama lẹ́rù jù nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àjọ WAEC ń ṣe. Ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ lẹ́tà gbẹ̀fẹ́, lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́, àròkọ alárìíyànjiyàn tàbí ìtàn. Nǹkan bí 450 ọ̀rọ̀ ni yóò kọ, máàkì 50 ló sì wà fún un. Ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, bó ti rí káàkiri Nàìjíríà, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà múra sílẹ̀ ni pé kí wọ́n wá àròkọ tí ẹlòmíràn kọ, kí wọ́n há a sórí pátá, kí wọ́n sì lọ tú u sórí ìwé lọ́jọ́ ìdánwò. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ifá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé orí àkọ́sórí ni ìmọ̀ Ifá dúró lé. Ó yẹ láti wo ohun tí Ifá fi kọ́ni nípa rẹ̀.

Ẹsẹ Ifá kan ròyìn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń ti ọ̀run bọ̀ wáyé: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Oríṣẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè kánjú débẹ̀. Wọn kò bá Àjàlá nílé, wọ́n sì mú orí tó wù wọ́n lójú. Orí náà dára ní wíwò, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fi iná sun ún dáadáa. Òjò pa wọ́n lọ́nà, ó sì fọ amọ̀ náà dànù. Nígbà tí wọ́n dáyé, wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, wọn kò rí èrè jẹ.

Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó fi iyọ̀ àti owó rúbọ, wọ́n sì bù nínú rẹ̀ fún un mú lọ. Lójú ọ̀nà, ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó sì fi iyọ̀ hàn án. Inú oníbodè dùn, ó sọ fún un pé gbèsè ló lé Àjàlá kúrò nílé. Afùwàpẹ́ bá a san gbèsè náà. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá mú un wọlé, tó ń fi ọ̀pá irin dán orí kọ̀ọ̀kan wò, títí ó fi rí èyí tí kò fọ́. Òjò pa òun náà lọ́nà, kò sì ràn án.

Ohun àkọ́kọ́ tó hàn nínú ẹsẹ yìí ni pé àwọn méjì tó kánjú kì í ṣe ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń há àròkọ sórí lóru kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Bí kò bá ní máàkì tó dára nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì kò ní gbà á, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà á. Àmọ́ ohun tó gbé lọ́wọ́ kò tíì kojú òjò, ìwé ìbéèrè sì ni òjò náà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè há lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nípa ilé ìkàwé sórí, kí ìdánwò wá béèrè lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ nípa títì tó bàjẹ́. Nínú máàkì 50 náà, àkóónú ní 10, ìtò ní 10, ìlò èdè ní 20, àkọtọ́ àti àmì ìkọ̀wé sì ní 10. Bí ó bá kọ ohun tí wọn kò béèrè, máàkì àkóónú ló kọ́kọ́ ń lọ. Níbi tó bá ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ èyí tó há sórí, èdè rẹ̀ yóò yí padà, olùyẹ̀wò yóò sì rí ojú àlẹ̀mọ́ náà. Ìròyìn tí àwọn olórí olùyẹ̀wò WAEC ń gbé jáde kò yé ṣàròyé nípa àròkọ tí kò bá ìbéèrè mu.

Ohun kejì ni iyọ̀. Iyọ̀ kì í ṣe ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọbẹ̀ tí kò wọ̀. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ sórí nìyí: bí wọ́n ṣe ń to àdírẹ́sì, déètì, ìkíni àti ìparí lẹ́tà, ọ̀rọ̀ tó so ìpínrọ̀ kan mọ́ òmíràn, sípẹ́lì, àti ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìlera, ẹ̀kọ́, ọ̀gbìn àti ìṣèlú. Ìwọ̀nyí wúlò fún ìbéèrè yòówù tó bá jáde.

Ọ̀nà tí babaláwo ń gbà lo àkọ́sórí tirẹ̀ túbọ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí. Odù Ifá jẹ́ 256, 16 sì ni ojú odù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ awo fi ń kọ́ ẹsẹ wọn sórí. Síbẹ̀, lọ́jọ́ ìdífá, kì í ṣe ẹsẹ tó wu babaláwo ló ń kì. Odù tó bá hù ló ń pàṣẹ. Bí Òyẹ̀kú bá hù, kò ní kì Ogbè nítorí pé Ogbè ló dùn lẹ́nu rẹ̀ jù. Ìbéèrè ìdánwò ni Odù akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí àròkọ tó lè dára tó bẹ́ẹ̀ tí yóò gba ipò rẹ̀.

Ohun kẹta ni ọ̀pá irin. Àjàlá kò fojú yan orí. Ó dán an wò. Ìdánwò ọdún tó ti kọjá ni ọ̀pá irin akẹ́kọ̀ọ́. Kí ó mú ìbéèrè tí kò rí rí, kí ó fa kókó rẹ̀ jáde, kí ó to ìpínrọ̀ rẹ̀, kí ó kọ ọ́ tán láàárín àkókò tí wọ́n fún un, kí olùkọ́ sì fi bíírò pupa yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá fọ́ nílé kò ní fọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Afùwàpẹ́ kò dá ọgbọ́n ara rẹ̀ gbọ́n; ó béèrè, ó sì rí ẹni dá a lóhùn. Ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò wọ́n ní agbègbè yìí. Ondo Boys' High School ti wà láti 1919, St. Thomas Aquinas College ní Àkúrẹ́ láti 1951, Oyemekun Grammar School láti 1953. Ilé ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó, tó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ báyìí, ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti 1964. Kókó ọ̀rọ̀ pẹ̀lú kò jìnnà. Bí ìbéèrè bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ júwe ibi tó ti dé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó ti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lórí Òkè Ìdànrè, tàbí tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ ná Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ní ohun tí ìwé àkọ́sórí kankan kò lè fún un.

Ifá kò ka àkọ́sórí sí ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí Ifá kọ̀ ni kí ènìyàn gbé orí tí kò dán wò lọ kojú òjò. Kí olùkọ́ àti òbí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó má ṣe ra ìwé àròkọ àkọ́sórí fún ọmọ. Kí wọ́n fún un ní ìwé kíkà, ìbéèrè tuntun àti ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ tó bá gba ọ̀nà yìí lè jókòó síwájú ìbéèrè yòówù, kí ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀.