Ohun tí Òǹtajà Mọ̀: Òwò Nínú Ìsìláàmù àti Òṣùwọ̀n Ọmọlúàbí

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò fìgbà kan rí ka òwò ṣíṣe sí iṣẹ́ tó rẹlẹ̀, nítorí pé ìlú oníṣòwò ni wọ́n bí Ànábì Muhammad sí, òun fúnra rẹ̀ bá Khadijah kó ọjà lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù kí iṣẹ́ ìránṣẹ́ tó dé bá a, àwọn ará Mẹ́kà sì ń pè é ní al-Amin, ìyẹn ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, àwọn oníṣòwò tó ń ti ìhà àríwá wá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀sìn náà wọ̀lú. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí bá ń sọ̀rọ̀ òwò tó mọ́, irú ọjà nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn sábà máa ń dá lé: kí èèyàn má ta ọtí, kó má ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kó má fi tẹ́tẹ́ ṣòwò. Òótọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n apá kékeré ni nínú ohun tí àwọn onímọ̀ fíkíhì, ìyẹn ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn, kọ sílẹ̀ lórí kátàkárà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń dáhùn ìbéèrè kan tí Yorùbá náà máa ń bi nígbà tí wọ́n bá ń fi ìwà ọmọlúàbí wọn èèyàn: kí ló yẹ kí ẹni tó mọ nǹkan nípa ọjà ṣe fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n?

Ọmọlúàbí lójú Yorùbá ni ẹni tí ìwà rẹ̀ kì í yí padà, ì báà jẹ́ pé ojú ń wò ó tàbí kò wò ó, tó ń ro ti ẹnìkejì mọ́ tirẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ṣeé gbára lé. Àwọn àgbà kò tan ara wọn jẹ pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ rọrùn nídìí ọjà, nítorí àwọn náà ló sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn kan máa ń pa òwe yìí bí ẹni ń gba ìyọ̀ǹda láti purọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ló wà nínú rẹ̀, òǹrajà ni ẹ̀sùn náà sì kọ́kọ́ bá, nítorí ẹni tó ń wá ọjà pọ́ọ́kú láìbéèrè ìdí tó fi pọ́ọ́kú wà lára àwọn tó ń jẹ́ kí irọ́ tà.

Nínú hádíìsì, ìyẹn ìròyìn ohun tí Ànábì sọ tàbí ohun tó ṣe, ọ̀kan wà tí Imam Muslim gbà sínú àkójọ rẹ̀ tó dá lórí òkìtì oúnjẹ oníhóró kan lọ́jà. Ànábì ki ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Olówó ọjà ní òjò ló pa á, Ànábì sì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sórí òkìtì kí àwọn èèyàn lè rí i, ó sì fi kún un pé ẹni tó bá ń ṣe màgòmágó kì í ṣe ara àwọn. Ohun tó yẹ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí ni pé ọkùnrin yìí kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ọjà rẹ̀ gbẹ, òjò tó rọ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bó ṣe to ọjà rẹ̀ ló di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, torí pé gbígbẹ tó wà lókè ń jẹ́rìí èké nípa ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń to tòmátì sínú apẹ̀rẹ̀, tí èyí tó pọ́n dáadáa ń wà lójú, tí èyí tó ti rọ̀ ń wà lábẹ́, kò ní nílò àlàyé púpọ̀.

Orí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ gbé khiyar al-ayb kà, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òǹrajà ní láti dá ọjà padà, kó sì gba owó rẹ̀, bó bá rí àbùkù tó ti wà lára ọjà náà kí wọ́n tó ná an. Ìkìlọ̀ tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí wọ́n bá ti tà kò ṣeé dá padà mọ́ kò lè bo àbùkù tí òǹtajà mọ̀ tó sì fi pa mọ́. Imam Abu Hanifa, ẹni tó kú ní ọdún 767, oníṣòwò aṣọ ni ní ìlú Kufa kí òkìkí ìmọ̀ rẹ̀ tó kàn, àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sì ròyìn pé ó fi aṣọ kan tó lábùkù ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò, ó sì sọ fún un pé kó fi àbùkù náà han ẹni tó bá fẹ́ rà á. Oníbàárà dé, ó ra aṣọ, ó lọ, alábàáṣe rẹ̀ gbàgbé láti sọ, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ mọ ibi tí oníbàárà náà wà mọ́. Gbogbo owó ọjà náà ni Abu Hanifa fi ṣe sàárà. Wọ́n tún ròyìn pé obìnrin kan gbé aṣọ síliki wá tà fún un ní ọgọ́rùn-ún dírámù, tí òun tó jẹ́ òǹrajà sì sọ fún un pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí iye náà fi gòkè sí i. Ìtàn kejì yìí ló ṣòro fún ọjà òde òní láti gbà gbọ́, nítorí pé òǹrajà tó mọ iye ọjà ju òǹtajà lọ ni gbogbo èèyàn ń pè ní ọlọ́gbọ́n.

Ní ti òṣùwọ̀n, Àlùkùránì kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Sura kẹtàlélọ́gọ́rin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ fún àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn wọ́n á gbà á pé pérépéré, ṣùgbọ́n bí ó bá kan kí àwọn náà wọ̀n fúnni wọ́n á dín in kù, bákan náà ni ìtàn Ànábì Shuaib àti àwọn ará Madyan so ìparun ìlú kan mọ́ òṣùwọ̀n èké. Kò sí ohun àjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó mọ kóńgò, àwo tí wọ́n fi ń wọn gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jà Yorùbá. Àwọn kan máa ń lu ìdí kóńgò wọnú títí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fi yọ gọngọ sókè, àwọn mìíràn á da ìda sínú rẹ̀ kó lè jẹ àyè, àwọn tó tún mọ̀ ọ́n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ní kóńgò méjì, èyí tó gbòòrò tí wọ́n ń gbé lọ sóko láti fi ra ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti èyí tó ṣe pọ́ńkú tí wọ́n ń tẹ́ sórí igbá nígbà tí wọ́n bá ń tà. Ohun tí sura náà ń sọ gan-an ni kóńgò méjì.

Yorùbá ní ènì, ìyẹn ìwọ̀nba tí òǹtajà máa ń bù lé ọjà lẹ́yìn tí iye tí wọ́n rà ti pé, kí inú oníbàárà lè dùn kó sì tún padà wá. Ìsìláàmù náà mọ irú rẹ̀, nítorí ìròyìn wà pé nígbà tí Ànábì ra ṣòkòtò lọ́wọ́ Suwayd ibn Qays, ó ní kí ẹni tó ń wọn owó fún wọn wọ̀n ọ́n kó sì jẹ́ kó tẹ̀ sí i. Ẹni tó ń sanwó ló fi ènì sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí kò wọ́pọ̀ lọ́jà Yorùbá. Àwọn onímọ̀ máa ń pe ṣíṣe ohun tó tọ́ láìdín láìlé ní adl, wọ́n sì ń pe oore tó bá kọjá rẹ̀ ní ihsan, Imam al-Ghazali tó kú ní ọdún 1111 sì fi ìyàtọ̀ yìí ṣe ìpìlẹ̀ nígbà tó ń kọ̀wé lórí ìwà oníṣòwò. Lójú ìyàtọ̀ yìí, ènì tí wọ́n bù láti inú kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ kì í ṣe ihsan, nítorí pé ohun ìní oníbàárà ni wọ́n gbé fún oníbàárà, tó sì tún ń dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ nínájà gba ìfarabalẹ̀, torí pé àwọn kan rò pé ẹni tó bá pe ọjà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà tó sì tà á ní mẹ́fà ti jalè. Fíkíhì kò rò bẹ́ẹ̀. Ní títà tí wọ́n ń pè ní musawama, ìyẹn èyí tí ẹni méjì ń dúnàádúrà lé lórí, òǹtajà kò ní ojúṣe láti sọ iye tó ra ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti lanu pé, “Ọlọ́hun ń gbọ́, iye tí mo rà á nìyẹn, mi ò jèrè kọ́bọ̀ lórí ẹ̀,” ó ti kúrò nínú nínájà, ó ti bọ́ sínú ẹ̀rí jíjẹ́, ìbúra tí wọ́n fi ń ta ọjà sì wà lára ohun tí Ànábì kórìíra jù. Ibi tí òfin gbà kí òǹtajà dákẹ́ sí nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ kì í ti í lè dákẹ́.

Ìmọ̀ tí ẹnì kan ní tí ẹnìkejì kò ní náà ló fà á tí Ànábì fi kọ̀ fún àwọn ará ìlú láti lọ pàdé àwọn tó ń kó ọjà bọ̀ ní ojú ọ̀nà kí wọ́n tó wọ ọjà. Ẹni tó wà nílùú mọ iye tí nǹkan ń lọ, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń dúró ní ìkóríta láàárọ̀ kùtùkùtù láti já iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lórí àgbẹ̀ tó ti rẹ̀, kó tó dé ibi tó ti máa gbọ́ iye tí ọjọ́ yẹn ń jẹ́, wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, bí wọ́n tilẹ̀ san owó lójú ẹsẹ̀. Kíkó ọjà pamọ́ kó lè wọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní ihtikar, kò jìnnà sí i.

Ní ti gbèsè, ọ̀ràn náà le ju bí wọ́n ṣe sábà máa ń wàásù rẹ̀ lọ. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé riba, ìyẹn owó èlé, jẹ́ èèwọ̀. Ohun tí wọn kì í sọ tó ni pé ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú sura kejì, àṣẹ ló jẹ́ pé kí wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀ kí wọ́n sì pe ẹlẹ́rìí. Yorùbá tó bá yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lówó kì í fẹ́ kọ nǹkan kan sílẹ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé kò fọkàn tán an, àmọ́ ìwé kíkọ yìí ló ń dáàbò bo ọ̀rẹ́ náà lọ́jọ́ tí ẹni tó yá a lówó bá kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì dìde. Ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ díẹ̀ pàṣẹ pé bí ipò onígbèsè bá nira, kí wọ́n fún un láyè dé ìgbà tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Níbí ni ìrántí àwọn òṣómàáló ti wúlò, àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà tó máa ń tajà láwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ìsìláàmù kò ní bá wọn wí nítorí pé wọ́n ń béèrè owó wọn, nítorí hádíìsì pe ọlọ́rọ̀ tó ń fi gbèsè falẹ̀ ní alábòsí. Ẹni tó nílé lórí tó ń sọ pé òun ò ní ni lílóṣòó yẹ. Opó tí ọjà kò tà fún kọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé iye àwìn lè ju iye owó ọwọ́ lọ, bí wọ́n bá ti fẹnu kò sí iye kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lílé owó lé e nígbà tí ọjọ́ bá kọjá ti di riba.

Ó sì yẹ kí a sọ òótọ́ pé àṣà Yorùbá kò mọ́ tónítóní ní apá yìí. Ìwọ̀fà, ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ lóko olówó nítorí gbèsè tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dín kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, wà láàárín àwùjọ tó ń kọ́ ọmọ ní ìwà ọmọlúàbí láàárọ̀ àti lálẹ́. Òfin àwọn onímọ̀ pé àǹfààní tí ẹni tó yáni lówó bá bá ẹni tó yá a ṣe àdéhùn rẹ̀ jẹ́ riba á ti tú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ká.

Lóde òní, Jaiz Bank bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2012 láìgba èlé, ìjọba àpapọ̀ sì ta sukuk, ìyẹn ìwé ìpín nínú dúkìá, ní ọdún 2017 ní iye ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù náírà láti fi ṣe ọ̀nà. Murabaha ni irú báńkì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣe: báńkì á ra ọkọ̀, á sọ iye tó rà á àti èrè tó gbé lé e, á wá tà á fún oníbàárà láwìn. Ohun tó sọ ọ́ di òwò ni pé báńkì gbọ́dọ̀ ti ni ọkọ̀ náà, kí ewu rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀, kó tó tà á. Bí ìwé nìkan bá ń lọ tó ń bọ̀, tí ọkọ̀ kò wá sọ́wọ́ báńkì rárá, aṣọ tuntun ni wọ́n wọ̀ fún èlé.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín òṣùwọ̀n méjèèjì wà nínú ẹni tó ń ṣọ́ oníṣòwò. Ìtìjú àti orúkọ ìdílé ni ọmọlúàbí gbára lé, tí ìyálọ́jà àti àwọn pàràkòyí, ìyẹn àwọn olóyè tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò, sì ń fọwọ́ mú un. Ìsìláàmù ní muhtasib, aṣojú ìjọba tó ń yẹ òṣùwọ̀n wò, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ gbára lé Ọlọ́hun tó ń rí inú òkìtì. Ìtìjú ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti mọ ọmọ ẹni tí èèyàn í ṣe. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà gbà lórí Instagram àti WhatsApp, níbi tí òǹtajà ti lè ya àwòrán aṣọ aláṣọ, kó gba owó sí àkáǹtì, kó fi nǹkan mìíràn ránṣẹ́, kó sì dí ọ̀nà tí oníbàárà lè gbà pè é. Mazhab Maliki, ìyẹn ọ̀nà òfin tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, gbà kí wọ́n ta ohun tí kò sí níwájú, bí òǹtajà bá ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa; bí èyí tó dé bá bá àpèjúwe mu, ọjà ti parí, bí kò bá sì bá a mu, oníbàárà ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á bẹ́ẹ̀ tàbí kó dá a padà, kó sì gba owó rẹ̀.