Ògiri Tó Ṣẹ́kù ní Macau

Lórí àtẹ̀gùn gbọọrọ kan ní Macau, ìlú tí àwọn Potogí dó sí létí òkun gúúsù Ṣáínà, ògiri òkúta kan dá dúró. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ilẹ̀kùn wà, fèrèsé wà, ère wà nínú ihò wọn, àgbélébùú sì wà lókè téńté. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé kò ní bá òrùlé, kò sì ní bá pẹpẹ; ìta gbangba ni yóò tún bọ́ sí, ojú sánmà ni yóò sì máa rí láti ojú fèrèsé. Iná tó sọ ní 1835 ló jó ìyókù. Àwókù Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ni wọ́n ń pe ibẹ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ gíga Pọ́ọ̀lù Mímọ́ tó ní ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ìyá Ọlọ́run ni ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ń jẹ́, orúkọ náà sì wà lókè ilẹ̀kùn àárín títí dòní ní èdè Látìnì. Ní 2019, àlejò tó lé ní mílíọ̀nù 39 ló wọ ìlú yìí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò náà ló ń gun àtẹ̀gùn yẹn, wọn a gbé fóònù sókè, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì yí padà gba ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́ lọ. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé, ṣé ibi mímọ́ ṣì ni ibẹ̀? Bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni arìnrìn-àjò afẹ́, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, tí kò sì wá gbàdúrà, jẹ ibẹ̀?

Ìdáhùn tó yá lẹ́nu jù ni pé ìwà mímọ́ ibẹ̀ bá iná lọ. Àwọn àgbà wa sọ pé ibi tí ènìyàn kò bá sí, imalẹ̀ kò sí. Òòṣà tí kò ní olùsìn mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò fún ní obì, tí wọn kò kì, tí wọn kò pè, igi àti òkúta ló kù. Àwọn Onígbàgbọ́ náà ní tiwọn, ó sì lágbára: Pọ́ọ̀lù tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àwókù yìí gan-an ló wí fún àwọn ará Áténì pé Ọlọ́run kì í gbé ilé àfọwọ́kọ́. Bí Ọlọ́run kò bá gbé inú odindi ilé, kí ni yóò wá ṣe lára ògiri kan ṣoṣo? Mi ò lè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú ilé nìkan ni ìwà mímọ́ ń gbé, níbi tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kóra jọ sí. Ògiri Macau kò bá èyí mu, ohun tí wọ́n gbẹ́ sí i lára ló sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Àwọn Jésúìtì, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì kan, ló bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1602, ògiri iwájú rẹ̀ sì parí ní nǹkan bí 1640. Ọmọ Ítálì kan nínú wọn, Carlo Spinola, ni wọ́n sọ pé ó ya àwòrán rẹ̀. Àwọn Onígbàgbọ́ ará Jàpáánì tí wọ́n lé kúrò nílùú wọn nítorí ẹ̀sìn, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ará Ṣáínà, ló gbẹ́ ẹ. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹyẹ àdàbà wà lókè, oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ sì yí i ká. Jésù ọmọdé wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ohun èlò tí wọ́n fi kàn án mọ́gi. Lábẹ́ ìyẹn ni Ìyá rẹ̀ dúró sí láàárín àwọn áńgẹ́lì, òdòdó méjì tí àwọn ará Ṣáínà àti àwọn ará Jàpáánì fẹ́ràn sì wà láyìíká. Ọkọ̀ òkun Potogí kan ta ìgbòkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lódì kejì, dírágónì olórí méje nà gbalaja, obìnrin kan sì tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Síwájú sí i, egungun òkú kan dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ọfà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírágónì àti egungun yìí, àkọlé wà ní èdè Ṣáínà: ọ̀kan ní Ìyá Mímọ́ ló ń tẹ orí dírágónì, èkejì ní ẹni tó bá ń rántí ikú kò ní dẹ́ṣẹ̀.

Ta ni wọ́n kọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn fún? Kì í ṣe àwọn ìdílé Potogí tó ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èdè Ṣáínà kò yé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ẹni tó ń kọjá lójú pópó ni: oníṣòwò tó ń sáré lọ síbi ẹrù rẹ̀, alágbàṣe, aládùúgbò tó ń lọ bọ A-Má, òòṣà obìnrin tó ni òkun, tí ojúbọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí Potogí tó dé, tí wọ́n sì ní ara orúkọ rẹ̀ ni orúkọ Macau ti jáde. Ìwàásù ni ògiri yẹn, fún ẹni tí kò ní wọlé láé. Nígbà tí iná dé, ó jó apá tó jẹ́ ti ọmọ ìjọ, ó fi apá tó jẹ́ ti àjèjì sílẹ̀. Àjèjì náà ló sì ń wá síbẹ̀ lónìí. Mo gbà pé ibẹ̀ ṣì jẹ́ mímọ́, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé ògiri yẹn dúró fún kò tíì dáwọ́ dúró: ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń bá sọ ọ́ sì wà níwájú rẹ̀. Òwe àwọn àgbà kò ta kò mí nígbà náà. Ènìyàn ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní ọmọ ìjọ. Wọ́n fi irin gbé ògiri náà ró láti ẹ̀yìn, àwọn àlejò kan tó gun irin yẹn sì ti ju owó wẹ́wẹ́ sí ojú fèrèsé òkè, kí orí lè ṣe wọ́n níre. Kò sí àlùfáà tó kọ́ wọn. Ọkàn ènìyàn ló mọ̀ pé ibi báyìí kì í ṣe ibi tí a ń dé lọ́wọ́ òfo.

Ẹnìkan á ní ọ̀rọ̀ mi ti dùn jù. Ìbọn àgbá ni wọ́n fi ń ṣọ́ ìwàásù yẹn. Lóòótọ́ ni. Odi olóke tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn Jésúìtì kan náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn Dọ́ọ̀ṣì wá kọlu ìlú náà ní Okudu 1622, ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn lù wọ́n, àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà sì wà lára àwọn tó jà fún ọ̀gá wọn lọ́jọ́ náà. Ẹni dúdú tó bá dúró níwájú ògiri yẹn kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn. Dírágónì tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn, nínú Ìwé Ìfihàn, ọ̀tá Ọlọ́run ni. Lójú ará Ṣáínà, òun ló ń rọ òjò, òun ni àmì ọba. Ẹ̀gbin ni lójú ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń sọ kò dá Potogí láre. Ibi mímọ́ kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ṣẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀kan láyé. Ẹni tó rí ẹwà nìkan níbẹ̀ kò tíì ka ògiri náà tán. Ẹni tó rí ìbọn nìkan náà kò tíì kà á tán, nítorí kò tíì rí ọwọ́ àwọn tó gbẹ́ ẹ, àwọn tí ìlú wọn ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀, tí wọ́n sì gbẹ́ òdòdó ilé sára òkúta ilẹ̀ àjèjì. Spinola alára, iná ni wọ́n fi sun ún ní Nagasaki ní 1622, kò rí ìparí ògiri náà. Àwọn ará ìlú sì ti fún dírágónì yẹn lésì lọ́nà tiwọn: ní 1888, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń jà, wọ́n kọ́ ojúbọ Na Tcha, òòṣà ọmọdé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwókù náà gan-an. Kò tóbi ju yàrá kan lọ. Ó sì wà níbẹ̀.

Àtakò tó kù ni pé mo ń di ẹrù wúwo ru arìnrìn-àjò. Owó rẹ̀ ló sanwó ọkọ̀, ìgbádùn ló wá ṣe. Kí ló kàn án nípa ìwàásù? Ẹ jẹ́ ká wo Òṣogbo. Ọdún 2005 kan náà ni UNESCO kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun àti àárín gbùngbùn Macau sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ní Òṣogbo, àlejò mọ ẹni tó gbà á lálejò: Àtáọ́ja wà, Ìyá Ọ̀ṣun wà, Arugbá ń gbé igbá lọ sódò lọ́dọọdún. Bó bá ṣì ìwà hù, ẹnìkan á kì í nílọ̀. Ní Macau, ògiri ló ń gbàlejò, ògiri kò sì lè báni wí. Ìdí nìyí tí ẹrù àlejò fi wúwo níbẹ̀ ju ti Òṣogbo lọ. Mi ò ní kó kúnlẹ̀, mi ò sì ní kó má ya fọ́tò. Mo ní kó kọ́kọ́ kà á, kó bi ẹni tó gbọ́ èdè Ṣáínà léèrè ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Àwọn oníṣòwò wa tó ń ná ọjà Guangzhou kò jìnnà síbẹ̀. Àwa náà sì ni ọmọ ìlú tí Potogí fún lórúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é, Lagos, tí a sì ń pe Ìjọ Kátólíìkì ní Àgùdà nítorí àwọn tó padà dé láti Bràsíl, ilẹ̀ tó ń sọ èdè Potogí. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ṣe rò.

Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, tí kò sì yí padà, yóò rìn gba ojú ìta gbangba náà já títí dé ibi tí pẹpẹ wà nígbà kan. Àtẹ̀gùn kan wà níbẹ̀ tó wọ abẹ́ ilẹ̀. Nísàlẹ̀, nínú àpótí onígíláàsì tí wọ́n tò sára ògiri, egungun àwọn ará Jàpáánì àti Fiẹ́tnáàmù tó kú nítorí ìgbàgbọ́ wà níbẹ̀.