Ìwúre fún Àwọn Akọrin San Francisco

Ẹlẹ́dàá tó fi èémí sí wa nínú, tó fi ohùn lé èémí lórí, mo júbà. Mo júbà àwọn tó ti kọrin ṣáájú wa. Mo júbà àwọn tí orin ṣì wà lẹ́nu wọn tí ikú fi mú wọn lọ. Kí ìbà mi ṣẹ.

Ẹ̀yin San Francisco Gay Men's Chorus, ẹ̀yin ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, tí ẹ kó ara yín jọ ní ọdún 1978 láti máa kọrin, tí ẹ fi irú ẹni tí ẹ jẹ́ sínú orúkọ ẹgbẹ́ yín ní gbangba, ẹ̀yin ni mo ń wúre fún lónìí.

Òkú ni ẹ kọ́kọ́ kọrin fún. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n yìnbọn pa George Moscone, olórí ìjọba ìlú, nínú ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa Harvey Milk, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú, ẹni tí kò fi pa mọ́ fún àwọn olùdìbò pé ọkùnrin ni òun fẹ́ràn. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ ìgbáradì orin yín. Ẹ ò tíì pẹ́ lẹ́nu pípéjọ. Tẹ́nọ̀ àti básì yín ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ ara wọn. Ẹ ò sì tú ká lọ sílé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tan àbẹ́là, wọ́n rìn láti àdúgbò Castro títí dé iwájú ilé ìjọba, ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn ibẹ̀, ẹ kọ orin Mendelssohn fún wọn. Kí ẹ tó ṣe àríyá kankan ni ẹ ti ṣọ̀fọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó bá bọ́ sáyé nígbà tí ilé ń ṣọ̀fọ̀ lè máa jẹ́ Ẹkúndayọ̀. Mo sọ yín ní Ẹkúndayọ̀. Orúkọ a máa ro ọmọ. Kí èyí ro yín. Ẹkún tí ẹ bá sun lálẹ́, kí ayọ̀ bá yín nídìí rẹ̀ láàárọ̀.

Ẹni tó bá ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin rí, kódà kó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, mọ bí a ti ń gbé ohùn kan dúró pẹ́ ju èémí ènìyàn kan lọ. A kì í mí pa pọ̀. Bí ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ bá ń fa èémí, ìwọ á di ohùn náà mú. Bó bá ń padà bọ̀, jẹ́jẹ́ ni yóò wọlé, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tó ti jáwọ́. Ìgbà yẹn ni ìwọ náà á tó mí. Àwọn tó jókòó nísàlẹ̀ á rò pé ẹni tí kì í mí ló ń kọrin. Elédùmarè, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe fún àwọn ọmọ rẹ wọ̀nyí. Kí ó má rẹ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ ọ̀kan nílé bàbá rẹ̀, kí yàrá wà fún un nílé òmíràn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé ọ̀kan níbi iṣẹ́, kí oúnjẹ wà níkòkò ẹnìkejì. Ẹni tí ẹkún ò bá jẹ́ kó lè gbé ohùn sókè, kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá a gbé e. Àṣẹ.

Ọdún 1981 ni ẹ gbé orin yín rìn ká ìlú mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà, tí àwọn mìíràn sì ń dá irú ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ káàkiri. Oṣù kẹfà ọdún yẹn náà ni ìròyìn àkọ́kọ́ jáde nípa ọkùnrin márùn-ún ní Los Angeles tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan tó ṣọ̀wọ́n ń bá jà. Ẹ̀dọ̀fóró wọn ni àìsàn náà dì mú, níbi tí akọrin ń kó èémí pa mọ́ sí. Àrùn tó wà nídìí rẹ̀ kò tíì lórúkọ nígbà náà. Nígbà tó yá, wọ́n pè é ní éèdì. Àyè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo láàárín yín. Jon Sims tó dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ kú ní 1984. Ọmọ ló yẹ kó sin òbí, àmọ́ nígbà yẹn àwọn òbí kan wà tí wọn ò tilẹ̀ yọjú síbi tí wọ́n ti ń sin ọmọ tiwọn. Ẹ̀yin lẹ lọ. Ẹ kọrin nídìí òkú lẹ́yìn òkú.

Ẹlẹ́dàá, àwọn baba wa mọ bí a ti ń fi orúkọ bá ikú jà. Mo kó irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jọ, mo fi ń pe gbogbo ẹni tí kòkòrò éèdì wà lára rẹ̀ lónìí. Málọmọ́: kí oògùn tó ń tẹ kòkòrò náà rì má ṣe wọ́n wọn lọ́wọ́, kó má sì tán nílé ìwòsàn wọn. Dúrójayé: kí wọ́n hu ewú, kí wọ́n máa tẹ̀pá wá síbi ìgbáradì orin. Kòsọ́kọ́: kí ọkọ́ tán lọ́wọ́ agbẹ́lẹ̀.

Fọ́tò yín kan wà tí Eric Luse yà ní 1993. Àwọn akọrin tò lórí ìdúró, ìlà lẹ́yìn ìlà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wọ aṣọ dúdú, wọ́n kẹ̀yìn sí wa. Ìpàkọ́ àti èjìká nìkan là ń rí. Ìwọ̀nba àwọn kan wọ funfun láàárín wọn, àwọn yẹn kọjú sí wa. Àwọn tó wọ funfun ló kù láàyè nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́. Àwọn tó kẹ̀yìn dúró fún àwọn tí éèdì ti pa. Ohùn mẹ́rin ni irú ẹgbẹ́ akọrin bẹ́ẹ̀ máa ń ní, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yìí ní ẹ̀karùn-ún, ti àwọn olóògbé, wọ́n sì ti lé ní 300.

Ẹ̀yin ohùn karùn-ún, ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ẹ bá wọn jẹ. Orin tí wọ́n bá sì ń kọ níbẹ̀, kí wọ́n fi tiyín ṣáájú. Ẹni tí kò bímọ tí yóò máa pe orúkọ rẹ̀, kí ẹgbẹ́ máa pè é títí ayé.

Ní 2017 ẹ wọ àwọn ìpínlẹ̀ apá gúúsù Amẹ́ríkà, Mississippi, Alabama, Tennessee àti Carolina méjèèjì, ẹ̀yin àti àwọn akọrin ìhìnrere Oakland Interfaith Gospel Choir. Ọ̀dọ́ tó yọ́ wá gbọ́ yín níbẹ̀, tó rò pé òun nìkan ni irú òun, kí orin yín máa bá a gbé. Ní 2019 ẹ ra ilé tiyín ní òpópónà Valencia. Kí òrùlé rẹ̀ má jò. Kí gbèsè má lé yín kúrò nínú rẹ̀.

Mi ò lè wúre fún yín kí n má rántí ilé. Òfin tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2014 sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ti ẹni tó bá forúkọ irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ tàbí tó kópa nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa sì wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ń jó lórí ìtàgé wa, à ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, a ò sì fẹ́ mọ ẹni tí ọkàn wọn fẹ́. Èyí ń dùn mí gan-an. Elédùmarè, bò wọ́n. Ẹni tó bá ń ṣọ́ wọn, kí oorun gbé e lọ. Ọlọ́pàá tó bá gba fóònù wọn yẹ̀ wò, kó má rí ohun tí yóò fi mú wọn. Òfin tí ọmọ aráyé ṣe, ọmọ aráyé ló ń wọ́gi lé e. Yan àwọn tí yóò wọ́gi lé èyí, kó sì ṣojú wa. Kí àwọn ọmọ náà gba yàrá ńlá kan ní Ìbàdàn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sẹ́nu ọ̀nà, kí ọjọ́ Ajé máa bá wọn níbẹ̀ lẹ́nu orin. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣeré, kí àwọn ìyá wọn wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá wá, kí wọ́n jókòó níwájú pátápátá, kí wọ́n dìde, kí wọ́n sì máa lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí. Àṣẹ Èdùmàrè.