Ààwẹ̀ Ẹni Tó Ń Gba Insulin

Ní Ilé-Ogbó, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédirè, àti ní gbogbo àyíká Ìwó, ààwẹ̀ Rámàdánì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Láti ayé Ọba Mọ́mọ̀dù Lámúyẹ ti Ìwó, tó wà lára àwọn ọba Yorùbá tó kọ́kọ́ gba Ìsìláàmù, ni ẹ̀sìn náà ti wọ àgbègbè yẹn lára. Tí oṣù bá ti lé, olóúnjẹ á sún ọjà rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá sì gbé ike omi sẹ́nu ní agogo méjì ọ̀sán mọ̀ pé ojú ń wo òun. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè yìí ti ń le ju bó ṣe rí nínú ìwé lọ: ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gba insulin, tí ṣúgà ara rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì lọ́sàn-án ààwẹ̀, tó wá mu omi ṣúgà, ṣé ìjọsìn rẹ̀ ló bà jẹ́ ni, àbí ìjọsìn ló ṣe? Nọ́ọ̀sì tó ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó mu ún ńkọ́? Èrò tèmi ni pé títú tó tú ààwẹ̀ yẹn, ìgbọ́ràn ni. Mo sì fẹ́ lọ síwájú sí i pé òtítọ́ tí aláìsàn àti nọ́ọ̀sì bá bára wọn sọ ni ààbò ẹni tó ń gba insulin dúró lé, ohunkóhun tó bá sì mú aláìsàn fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ì báà jẹ́ ìfọkànsìn, ewu ni, ẹ̀sìn kankan ò sì rán an níṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn bàbá wa náà ṣàìsàn, wọ́n gba ààwẹ̀ wọn, wọn ò kú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ẹ̀rí lórí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, ìyẹn èyí tí ara kò ti lè ṣe insulin mọ́ rárá. Kí ọdún 1922 tó dé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó lè gbà á là. Frederick Banting àti Charles Best ló bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà ní Toronto, ní Kánádà, ní 1921, nígbà tó sì di January 1922 ni wọ́n gún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson ní abẹ́rẹ́ insulin àkọ́kọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ni ẹ̀tọ́ sí àwárí náà tà á fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kí oògùn náà má baà wọ́n fún aráyé. (Ẹni tó bá ń ra insulin ní ṣọ́ọ̀bù oògùn wa lónìí gbọ́ èyí, á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní í jẹ́ ẹ̀rín ayọ̀.) Ohun tí ìtàn yìí ń sọ fún wa ni pé àwọn tó ní irú àtọ̀gbẹ bẹ́ẹ̀ láyé àwọn bàbá wa kò pẹ́ láyé débi tí wọ́n á fi gba ààwẹ̀ ọdún púpọ̀ tí a ó máa tọ́ka sí. A kò lè pe òkú wá jẹ́rìí pé ó yè é. Ọ̀rọ̀ tuntun ni, ó sì yẹ kí a fi ìmọ̀ tó bá a mu wò ó.

Ìmọ̀ yẹn ń fẹ́ kí a wo bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ láàárín sààrì sí ìṣínu. Ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ́dọ̀ wa ló ń gba insulin àdàpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, èyí tí apá kan rẹ̀ ń yára ṣiṣẹ́, tí apá kejì ń fà á lọ. Tí ẹnì kan bá gba ìwọ̀n tó máa ń gbà lówùúrọ̀ lẹ́yìn sààrì, tó wá gbé ẹnu ró, apá kejì á máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí inú ti ṣófo, tí oòrùn oṣù ẹ̀ẹ̀rùn ti fa omi ara gbẹ. Òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á dàrú lẹ́nu rẹ̀, bí kò bá sì rí nǹkan dídùn mu, ó lè dákú. Ẹ̀rọ tó ń fún ara ní insulin tún yàtọ̀. Nǹkan kékeré tí kò ju fóònù lọ ni, wọ́n ń so ó mọ́ra, ó sì ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ rọ insulin sábẹ́ awọ díẹ̀díẹ̀ tọ̀sántòru. Ẹni tó bá ń lò ó lè dín ohun tó ń rọ kù ní ọ̀sán ààwẹ̀, kó sì fi kún un lẹ́yìn ìṣínu, àǹfààní tí abẹ́rẹ́ lásán kò ní. Ṣùgbọ́n insulin tó ń yára ṣiṣẹ́, tó sì ń yára tán, nìkan ni ẹ̀rọ náà ń lò. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ká, tàbí tí ẹnì kan bá yọ ọ́, láàárín wákàtí mélòó kan ara á ṣófo, ásíìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í kún ẹ̀jẹ̀, ikú sì lè tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rọ yìí kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ilé-Ogbó tó ń gbé ní Ìlú Ọba lè wálé ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lára. Láti December 2023 ni àjọ NICE, tó ń pinnu ìtọ́jú tí ìjọba ń san owó rẹ̀ níbẹ̀, ti fọwọ́ sí i pé kí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní máa lo ẹ̀rọ tó ń ka ṣúgà tó sì ń tún ìwọ̀n insulin ṣe fúnra rẹ̀. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ọsibítù ìlú kékeré, nọ́ọ̀sì tí kò rí irú rẹ̀ rí lè rò pé ire lòun ń ṣe tó bá já a kúrò. Òfin àkọ́kọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ láìfi insulin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Tí aláìsàn bá wà lójúfò, tí orí rẹ̀ pé, òun ni kó máa darí rẹ̀. Tí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, kí dókítà gbé e sórí insulin inú omi dírípù. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ní mágínẹ́ẹ̀tì ńlá yẹ inú ara rẹ̀ wò, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí a sì dá a padà kíákíá. Kí nọ́ọ̀sì yẹ ojú ibi tí rọ́bà ti wọ awọ wò bóyá ó wú tàbí ó pọ́n, nítorí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí ló ṣe é kọ́. Ohun tí kò sí nínú ẹ̀rọ náà rárá ni ìdáhùn sí ìbéèrè kan: ṣé o ń gba ààwẹ̀? Ẹnu ẹni tó wọ̀ ọ́ nìkan ló lè sọ ọ́. Tó bá purọ́, ohun tí nọ́ọ̀sì ṣe lórí irọ́ náà lè ṣe é ní jàǹbá, bó ti wù kí nọ́ọ̀sì náà mọṣẹ́ tó.

Kí ni ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ wá sọ? Inú Súrà Bákárà, níbi tí Àlùkùránì ti pa ààwẹ̀ láṣẹ gan-an, ní ẹsẹ̀ 184 àti 185, ni ìyọ̀ǹda aláìsàn àti arìnrìn-àjò wà. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀ kó tó sọ ọ́. Àṣẹ àti ìyọ̀ǹda jọ sọ̀ kalẹ̀ ni, pẹ̀lú àlàyé pé ìrọ̀rùn ni Ọlọ́hun fẹ́ fún ẹ̀dá rẹ̀. Ìtàn kan sì wà nínú àkójọ hádíìsì Abu Dawud tó yẹ kí gbogbo ààfáà àti gbogbo nọ́ọ̀sì àgbègbè wa mọ̀. Ọkùnrin kan ní ọgbẹ́ lórí lójú ìrìn-àjò, ìwẹ̀ ọ̀ranyàn wá di dandan fún un. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá àyè wà fún òun láti lo erùpẹ̀ dípò omi. Wọ́n ní kò sí, nígbà tí omi wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànọ́bì gbọ́, ó bínú, ó ka ikú náà sí wọn lọ́rùn, ó sì fẹ́ mọ ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn ọkùnrin yẹn kò kórìíra ẹnì kejì wọn, wọn kò sì fi ẹ̀sìn ṣeré. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n dájọ́ lé ara tí wọn kò mọ ipò tó wà. Ìmọ̀ nípa ọgbẹ́ náà jẹ́ ara ìdájọ́, ẹni tí kò bá ní in, ìdájọ́ rẹ̀ kò pé, bó ti wù kó mọ Àlùkùránì lórí tó.

Ibí yìí ni nọ́ọ̀sì ti wọlé. Àwọn kan á ní ta ló fi obìnrin tó wọ aṣọ funfun jẹ ààfáà, tó fi ń sọ ẹni tó lè gba ààwẹ̀ àti ẹni tí kò lè gbà. Kò sẹ́ni tó fi í jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù fúnra wọn ló ń ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ nípa ara. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àgbáyé wọn jókòó ní Jeddah ní 1997, ìpinnu wọn ni pé abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ tí kì í ṣe oúnjẹ kò tú ààwẹ̀. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé kò sídìí fún ẹnikẹ́ni láti fo insulin rẹ̀, tàbí láti pa ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí pé ó ń gba ààwẹ̀. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí làwọn èèyàn ṣì ń jiyàn lé lórí, wọn kò sì bìkítà nípa ṣúgà tó ń já wálẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ní Sharjah ní 2009, ìgbìmọ̀ kan náà pín àwọn alátọ̀gbẹ ní ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí ewu wọn, wọ́n sì ní ẹni tí àwọn oníṣègùn mọ̀ pé ewu tirẹ̀ le kò gbọ́dọ̀ gba ààwẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ ta ni ààfáà fẹ́ ti mọ ìpele tí ẹnì kan wà, bí kò ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó ń ka ṣúgà rẹ̀?

Kí a má rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀ o. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní EPIDIAR, tí wọ́n ṣe ní 2001 láàárín Mùsùlùmí tó lé ní 12,000 tó ní àtọ̀gbẹ ní orílẹ̀-èdè 13, fi hàn pé 43 nínú 100 àwọn tó ní oríṣi kìíní, àti 79 nínú 100 àwọn tó ní oríṣi kejì, ló gba ààwẹ̀ ọjọ́ 15 ó kéré tán. Ṣúgà tó já wálẹ̀ débi ewu ńlá sì fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ ju ti oṣù yòókù lọ fún àwọn ti àkọ́kọ́, àti ìlọ́po méje ààbọ̀ fún àwọn ti ìkejì. Ìyọ̀ǹda ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, wọn kò sì lò ó. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó kàn ní “ẹ má gbààwẹ̀ o, màmá,” tó sì kọjú sí ẹlòmíì, kò tíì tọ́jú ẹnikẹ́ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Màmá yẹn á ní òun gbọ́, á délé, á jí sààrì, kò sì ní í sọ fún nọ́ọ̀sì mọ́ títí Rámàdánì á fi parí.

Àtakò tó lágbára jù lọ wá láti ibí yìí. Wọ́n á ní tí nọ́ọ̀sì bá kọ́ ẹni tí kò yẹ kó gba ààwẹ̀ ní bó ṣe lè gbà á, ṣé kò ti bá a dá ewu náà sílẹ̀ báyìí? Mo rò pé ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà pín sí. Ó jẹ́ ojúṣe nọ́ọ̀sì láti sọ ewu náà láìfi nǹkan kan bò, kó sì sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àmọ́ tí àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé bá ti pinnu, kíkọ̀ láti ràn án lọ́wọ́ kò dá ààwẹ̀ náà dúró. Ohun tó ń dá dúró ni ìròyìn. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí nọ́ọ̀sì sọ pé kó máa ka ṣúgà rẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí gígún ìka láti yọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kò tú ààwẹ̀. Pé tí ṣúgà náà bá ti wọ abẹ́ 70 mg/dL, tàbí tó ga ju 300 mg/dL lọ, kó tú ààwẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àní bó ṣe ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n pe ìrun. Pé kí dókítà gbé ìwọ̀n abẹ́rẹ́ ńlá lọ sí ìṣínu, kó sì dín ti sààrì kù. Ẹni tó gbọ́ èyí ní ìdí láti padà wá. Ní ti àwọn tó ń sọ pé kádàrá ẹni ni, tí ọjọ́ bá pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i, mo gbà pé ọjọ́ ikú wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba kádàrá gbọ́ tọkàntọkàn gbọ́dọ̀ gbà pé nọ́ọ̀sì náà, pẹ̀lú omi ṣúgà ọwọ́ rẹ̀, wà nínú kádàrá yẹn. Kò bọ́gbọ́n mu kí a ka àìsàn sí àmúwá Ọlọ́hun, kí a wá ka ìwòsàn sí ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn.

Ohun tó kù ni ìtìjú, ó sì lágbára ju gbogbo àríyànjiyàn yìí lọ. Ẹni tó ti tú ààwẹ̀ rí lójú àwọn ará ilé mọ bí ojú ìyàwó àbúrò ṣe ń rí. Nọ́ọ̀sì kò lè mú ìtìjú yẹn kúrò nínú yàrá ìtọ́jú. Orí mínbárì ni a ti lè mú un kúrò. Tí Lèmọ́ọ̀mù bá sọ ọ́ gbangba nínú kútùbá Jímọ̀ pé ẹni tí insulin mú tú ààwẹ̀ ní láàdá tirẹ̀, pé tó bá lè san án padà kó san án, tí kò bá lè san án kó bọ́ tálákà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún un. Kó sì má dúró di ìgbà tí oṣù bá lé kó tó sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú Rámàdánì ni àwọn onímọ̀ àtọ̀gbẹ ní kí aláìsàn ti lọ yẹ ara rẹ̀ wò, kí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tó yí padà. Inú oṣù Ràjàbù ni ìyẹn ń bọ́ sí, nígbà tí àwọn ààfáà wa ti ń wàásù ìpalẹ̀mọ́ ààwẹ̀ lọ́nà mìíràn.