Ìbéèrè Àdán

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ tí kò dúró gbọ́ èsì, ṣé ó béèrè ni, àbí ó kàn pariwo?

Ní sáà tó kọjá, mo wá ₦2,000 mi tì nínú yàrá. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní, “Ṣé ìwọ lo mú un?” Kó tó la ẹnu, mo ti tún bi í. Mo béèrè títí àwọn ará yàrá kejì fi dé ẹnu ọ̀nà wa. N ò rántí nǹkan kan tó sọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó kó ẹrù rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, mo rí owó náà láàárín ìwé atúmọ̀-èdè mi.

Àdán ló ń kọ́ mi lọ́gbọ́n báyìí. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Ọ̀pọ̀ àwọn ńlá tó ń jẹ èso, ojú àti imú ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn kéékèèké tó ń jẹ kòkòrò lálẹ́ ni mò ń wí. Ní 1793, Lazzaro Spallanzani ará Ítálì rí i pé àdán tí wọ́n fọ́ lójú ṣì ń fò láìkọlu nǹkan. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé èyí tí wọ́n dí létí ló ń forí gbá nǹkan. Ìdí rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ sí í yé wọn àfi ní 1938, nígbà tí Donald Griffin, akẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard, gbé àdán lọ síwájú ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́. Àṣé igbe ni àdán ń ké nínú òkùnkùn! Igbe náà á lọ bá ògiri, ewé tàbí kòkòrò, gbohùngbohùn rẹ̀ á sì padà. Bó bá tètè dé, nǹkan náà wà nítòsí. Bó bá pẹ́, ó jìnnà.

Ibi tó mú mi ronú rèé. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá fẹ́ ké, iṣan kékeré kan nínú etí wọn á fún, kí ariwo ara wọn má baà di wọ́n létí. Bí wọ́n bá ti ké tán, iṣan náà á dẹ̀, wọn á gbọ́ èsì. Bí àdán sì ti ń sún mọ́ kòkòrò, igbe rẹ̀ á máa yára, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa kúrú sí i, kí èsì lè ráyè wọlé.

Ẹnì kan lè ní, “Ṣebí kó lè pa á jẹ ló ṣe ń gbọ́? Ìwà rere wo ló wà níbẹ̀?” Òótọ́ ni. Ohun tó ń tì mí lójú gan-an nìyẹn. Àdán tó fẹ́ pa kòkòrò jẹ ń dákẹ́ gbọ́ kòkòrò. Èmi tí mo pe èèyàn lọ́rẹ̀ẹ́, n ò gbọ́ tirẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bi ni léèrè ọ̀rọ̀ ló fẹ́ gbọ́ ìdí rẹ̀. Lójú tèmi, òṣùwọ̀n lọ̀rọ̀ yẹn: ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ìdí rẹ̀ kò tíì béèrè. Ó ti dájọ́ tán, ó kàn ń dọ́gbọ́n bi ni ni. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá béèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀.

Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Kò burú.” Ọ̀rọ̀ méjì péré. N ò mọ̀ bóyá èsì tó kù ṣì ń bọ̀. Mo ti dákẹ́, mò ń gbọ́.